Sọ́ọ̀sì Tí Sìfáwù Kò Tọ́ Wò

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Mi ò ní dárúkọ ara mi, torí mo mọ̀ pé àwọn kan nílé wa máa ń ka ojú ìwé yìí. Mo ba ilé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, kò sì sí ẹni tó mọ̀. Wọ́n ti fẹ́ gbé ìyàwó mìíràn wọlé sí ipò rẹ̀ báyìí, èmi ni wọ́n sì ní kí n dín edé tí àwọn àlejò máa jẹ. Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ ọ́ ni oorun ò ti kùn mí mọ́.

Àjàṣẹ́ ni mò ń gbé, ní Dówá, nínú agboolé ọkọ mi. Ọkọ mi ń fi ọkọ̀ kó ẹrù lọ sí Kràké, ní ẹnubodè Nàìjíríà. Èmi ni ìyàwó àgbà nínú ilé náà. Mi ò ní purọ́ fún yín, èmi a máa fura. Bí ẹnì kan bá kí mi ju bó ṣe yẹ lọ, n ó máa bi ara mi pé kí ló ń wá. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Èmi ti lo oògùn yẹn lálòjù.

Edé díndín ni wọ́n mọ̀ mí mọ́. N ó bó edé ọ̀sà, n ó fi ìrù rẹ̀ sílẹ̀ kí ọwọ́ lè rí ibi dì mú, n ó fi iyọ̀, áyù àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á lára. N ó yí i nínú ìyẹ̀fun, n ó rì í bọ inú ẹyin, n ó wá yí i nínú gàrí tí mo ti fi asẹ́ jọ̀. Gàrí yẹn ló ń jẹ́ kéèyàn máa rún un wómúwómú. Sọ́ọ̀sì méjì ló ń bá a rìn, ọ̀kan jẹ́ ti ata, èkejì jẹ́ funfun, tí mo fi mayonéèsì àti áyù pò.

Ẹni tí mo ṣẹ̀ ni ìyàwó àbúrò ọkọ mi. N ó pè é ní Sìfáwù, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Apá Ọ̀yọ́ ló ti wá. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ìyá ọkọ wa sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá dúró tì mí ní ilé ìdáná, á máa bi mí pé kí ni mo kọ́kọ́ fi sí i, kí ló tẹ̀lé e. Mo sọ lọ́kàn mi pé ó fẹ́ gba ipò mi ni. Nígbà tó yá mo rò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní, ta ló mọ ilé bàbá rẹ̀ dénú?

Lọ́jọ́ tí à ń sọ yìí, àwọn tí ọmọ wọn fẹ́ fẹ́ ọmọbìnrin mi ń bọ̀ láti Àjàrá wá mọ ilé wa. Láàárọ̀, Sìfáwù wá bá mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, “Ìyálé mi, ààwẹ̀ tí mo jẹ lóṣù Ràmàdáánì ni mò ń san lónìí. Ẹ bá mi tọ́ iyọ̀ wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọkùnrin gbọ́, ojú ń tì mí.”

Àwa obìnrin mọ irú ààwẹ̀ tí obìnrin ń san, àti ìdí tí ó fi jẹ ẹ́. Mo ní kò burú. Ṣùgbọ́n inú mi ń sọ̀rọ̀. Ta ló ń san ààwẹ̀ lọ́jọ́ àlejò?

Mo lọ kírun Àìlà. Nígbà tí mo dé, ìdérí abọ́ sọ́ọ̀sì funfun ti yẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì tẹ́jú mọ́. Sìfáwù nìkan ló wà níbẹ̀, tó ń tẹ́ edé sórí bébà kí epo rẹ̀ lè gbẹ. Mo ní, ìdí ààwẹ̀ rẹ̀ nìyí, kò fẹ́ jẹ ohun burúkú tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bù sí i. Ẹ jọ̀ọ́, mo gbà á gbọ́ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n mi ò bi í. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò da sọ́ọ̀sì náà nù.

Nílé wa, ẹni tó bá gbé oúnjẹ fún àlejò ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú wọn, pàápàá fún àna. Èmi ni mo máa ń gbé e. Lọ́jọ́ yẹn, mo gbé àwo náà lé Sìfáwù lọ́wọ́. Nígbà tó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wọn, mo sọ ọ́ sókè pé, “Ìyàwó, kọ́kọ́ tọ́ sọ́ọ̀sì funfun yẹn wò, kí àwọn àna wa lè jẹun.”

Ó mú edé kan, ó dá a padà. Ó ní kí wọ́n má bínú, òun ò lè tọ́ ọ. Ọkọ rẹ̀ bi í pé kí ló dé. Kò lè sọ ọ́ lójú àwọn ọkùnrin àlejò. Èmi ni Sìfáwù ń wò. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà níbẹ̀, mo sì tẹjú mọ́ edé.

Àgbà inú àwọn àlejò fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní, “Mèsí, a dúpẹ́, ìyá, a ti jẹun kí á tó kúrò nílé.” Wọn ò pẹ́ tí wọ́n fi dìde.

Ẹ̀yìn wọn ni ìyá ọkọ wa pe ọ̀rọ̀ náà ní májèlé. Ìgbà yẹn ni Sìfáwù sunkún sọ pé òun ń gbààwẹ̀, pé ìyálé òun mọ̀. Gbogbo wọn yíjú sí mi. Bí mo bá gbà pé mo mọ̀, wọ́n máa bi mí pé kí ló dé tí mo fi ní kó tọ́ ọ wò. Mo ní mi ò gbọ́ ohunkóhun nípa ààwẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sìn ín dé Kràké, tó sì fi í sínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Nàìjíríà.

Nígbà tí ọkọ mi ti ìrìn àjò dé, tó gbọ́, ẹnu yà á. Ó ní òun yà wọlé lọ́jọ́ náà nígbà tí mò ń kírun, òun fi ìka lá sọ́ọ̀sì funfun náà kí òun tó lọ, kò sì ṣe òun ní nǹkan kan. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé Sìfáwù kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mo dá a lóhùn kíá pé bóyá lẹ́yìn tó lọ ni Sìfáwù bu nǹkan sí i. Ó gbà mí gbọ́. Àwọn ará Àjàrá náà padà wá, wọ́n ní ilé tó bá lè lé oníbi jáde, àwọn lè fẹ́ ọmọ níbẹ̀. Orí irọ́ yìí ni ìgbéyàwó ọmọ mi dúró lé.

Láìpẹ́ yìí, Sìfáwù pè mí lórí fóònù. Mo kọ́kọ́ fura pé ó ń gba ohùn mi sílẹ̀ ni. Kò bú mi. Ó ní ó ṣeé ṣe kí n ti gbàgbé, torí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní, “Ìyálé mi, bí ẹ bá ti rántí, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀.” Mo ní n ó gbìyànjú. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó tún ṣàdúrà fún ọmọ mi pé yóò bá ilé ọkọ rẹ̀ kalẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣépè fún mi. Bí mo bá sọ òótọ́, àwọn ará Àjàrá lè kọ ọmọ mi, ọmọ tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Bí mi ò bá sọ ọ́, wọ́n á gbé ìyàwó tuntun wọlé, ọ̀nà á sì dí mọ́ Sìfáwù títí ayé. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n sọ ọ́ nísinsìnyí, àbí kí n dúró kí ọmọ mi kọ́kọ́ wọlé ọkọ? Bí mo ṣe ń béèrè yìí, mo mọ̀ pé ẹ ti rí irú ènìyàn tí mo jẹ́.