Ẹ̀rọ Tí Mo Fi Tan Etí Àbúrò Mi Jẹ

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn orin wa, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara tèmi gan-an ò balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti jókòó sọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ẹ̀rọ, tí mo sì pa á rẹ́. Lónìí, mi ò ní pa á rẹ́. Kì í ṣe pé mo ń kú lọ o. Ara mi le koko, oúnjẹ ń lọ lọ́fun mi, ìyẹn gan-an ló sì ń bí mi nínú sí ara mi. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa orin ti kọ ọ́ láìmọye ìgbà pé ohùn àwa méjì ń dàgbà, pé láti àwo kìíní títí dé ìkẹta, ńṣe ló ń rọ̀ sí i bí ìgbà téèyàn ń lá àlá. Irọ́ ni. Ohun tí ẹ ń pè ní àlá yẹn, ẹ̀rù ni. Èmi ni mo sì dá ẹ̀rù náà sílẹ̀.

Èmi àti àbúrò mi obìnrin la jọ ń ṣe orin. Yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún bàtà ṣe la ti bẹ̀rẹ̀, òórùn gọ́ọ̀mù ló máa ń gba ojú fèrèsé wọlé wá bá wa. Èmi ni mo wà nídìí kíbọ́ọ̀dù àti kọ̀ǹpútà. Òun ló ń kọrin, tó sì ń fun fèrè idẹ lọ́nà jáàsì. Ẹ wò ó, ọmọ yẹn mọ fèrè fun! Tó bá ti gbé e sẹ́nu, baba tó ń tún bàtà ṣe á dá òòlù dúró. Nígbà tí àwo wa kìíní jáde, fèrè yẹn ló gbayé kan. Wọ́n pè wá sí ilé-iṣẹ́ rédíò, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá a sọ̀rọ̀ títí, ó wá yíjú sí mi: "Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ̀yin lẹ máa ń bá wọn gbé ẹrù?" Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Háà, ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn o! Orí wọn ni gbogbo orin yìí ti ń wá." Ó gbèjà mi, àbí kò gbèjà mi? Àmọ́ ẹ̀rín tó kọ́kọ́ rín yẹn nìkan ni mo gbé lọ sílé. Owú ti gùn mí.

Mo ní kí fèrè dín kù nínú àwo kejì, kí ẹ̀rọ gba ipò. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ kí méjèèjì máa bára wọn ṣeré." Mo ní kò burú. Bí a ṣe ń ṣe ni pé kí orin tó bẹ̀rẹ̀, á fun fèrè díẹ̀, á fi ohùn rẹ̀ bá ti ẹ̀rọ mu. Lẹ́yìn náà, á kọrin fún bí ìṣẹ́jú méjì kó tó tún gbé fèrè. Inú ìṣẹ́jú méjì yẹn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ibi. Mo ṣètò ẹ̀rọ kí gbogbo ohùn inú rẹ̀ máa gòkè díẹ̀díẹ̀, bíi ti ìgbín. Ẹni tó ń kọrin á máa tẹ̀ lé e láìfura. Àmọ́ ibi tí wọ́n to fèrè sí ló máa wà. Tó bá fi máa fun ún, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ ju ti ẹ̀rọ lọ, á máa dún bí ẹni tí eyín ń dùn. Kí orin tó parí, mo ti dá ẹ̀rọ padà sípò, tó bá tún fi fèrè wò ó, wọ́n á bára mu, á wá máa rò pé etí òun ló ń ṣì gbọ́.

Ọjọ́ kan péré ni mo fẹ́ fi ṣe é, kí n lè borí nínú àríyànjiyàn wa. Ọjọ́ kan! Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ á bá a. Tèmi lo ọdún mẹ́fà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú sí i. Etí bàbá wa di pátápátá kó tó pé àádọ́ta ọdún, èmi àti àbúrò mi la sì máa ń pariwo sí i létí lórí oúnjẹ. Lọ́jọ́ kan, ó fún fèrè mọ́yà, ó ní, "Bọ̀dá mi, ṣé kì í ṣe ohun tó ṣe Bàbá ló ń bọ̀ wá ṣe mí yìí?" Mo ní, "Ká ṣì máa wò ó ná." Ẹ gbọ́ ìdáhùn ìkà! Màmá wa fárígá pé kí n mú un lọ rí dókítà elétí, mo sì sìn ín lọ. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò fún odindi wákàtí kan, ó ní, "Màdáámù, etí yín yìí mú ju tèmi lọ." Lójú títì, àbúrò mi fò mọ́ mi, ó ń sunkún ayọ̀. Ó ní ká lọ ṣeré lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ ló yẹ kí n ti jáwọ́. Ọlọ́run ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún mi gbayawu. Ohun tí mo ṣe ni pé mo yí ẹ̀rọ sókè ní ìlọ́po méjì. Ó fun fèrè, ó dúró, ó tún un fun. Ó wá rọra gbé e kalẹ̀ sórí àga. "Bọ̀dá mi, dókítà yẹn ò mọ nǹkan kan." Mo dì í mọ́ra, mo ń fọwọ́ gbá a lẹ́yìn jẹ́jẹ́, èmi ọ̀dájú! Ọ̀sẹ̀ yẹn ló gbé fèrè náà ta ilé-ẹ̀kọ́ kan lọ́rẹ. Látìgbà náà ló ti ń kọrin bí ẹni tó wà nínú yàrá aláìsàn, kó má bàa ṣi ohùn. Ẹ ní ó dùn. Wọ́n fún wa ní àmì-ẹ̀yẹ lórí ẹ̀, mo sì nà án sókè.

Oṣù tó kọjá ló gbé ìwé méjì wá sílé mi, oríṣi kan náà, ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ èdè ọwọ́ àwọn adití. Ó fún mi ní ọ̀kan. Ó ní, "Ẹ tètè máa kọ́ ọ, Bọ̀dá mi. Tí etí mi bá lọ tán, ta ni màá máa bá jà?" Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ìka hàn mí bí wọ́n ṣe ń sọ "ẹ̀gbọ́n." Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ níbẹ̀.

Kò pariwo. Ó bi mí pé, "Ṣé ẹ fi mí rẹ́rìn-ín rí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀mejì. Ó mi orí. Mo ra fèrè tuntun lọ fún un, kò ṣí àpótí rẹ̀. Ó ní, "Gbangba lẹ ti gbàyìn rẹ̀. Ẹ lọ tú u ní gbangba." Ìdí tí ẹ fi ń gbóhùn mi nìyí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní méjìméjì, tí ẹnìkejì yín bá ń tàn jù yín lọ, ẹ sọ fún un pé ó ń dùn yín. Kó tilẹ̀ bú yín, ó sàn. Àbúrò mi, mo bẹ̀ ọ́, foríjì mí nígbà tó bá rọ̀ ẹ́ lọ́rùn, kódà kó má rọ̀ ẹ́ lọ́rùn títí láé, mi ò lẹ́nu láti fi ráhùn. Ó wá ku ẹ̀yin tí ẹ ń wá síbi eré wa. Ẹ máa ń fọwọ́ kan bo etí kan bí òun ṣe máa ń ṣe tó bá ń kọrin, ó ti di ijó láàárín yín, àwọn kan tiẹ̀ yà á sára aṣọ. Kì í ṣe ijó. Ó ń yẹ etí rẹ̀ wò ni, bóyá ó ṣì ń gbọ́ràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é mọ́.