Ìlà Tí Mo Fò Nínú Ìwé Dókítà

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Láti ìgbà tí a ti gbin iṣu tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ẹni tí mo ṣẹ̀ ń kú lọ, ìyàwó rẹ̀ ló sì ń gbé ẹ̀bi mi rù.

Tíṣà Yorùbá ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì sí Arámọkọ. Dókítà kan tí kò gbọ́ Yorùbá máa ń kọ ọ̀rọ̀ nípa ọpọlọ àti ẹ̀jẹ̀ ríru ní Gẹ̀ẹ́sì. Èmi a túmọ̀ rẹ̀, màá sì kà á lórí rédíò ní àárọ̀ Ọjọ́rú. Àwọn èèyàn ní mo mọ̀ ọ́n sọ ju dókítà lọ. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ jọ̀ọ́, mo gbà wọ́n gbọ́.

Ní Ọjọ́rú kan, àrùn rọpárọsẹ̀ la sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ lọ fún ọpọlọ, bí ọ̀nà rẹ̀ bá sì dí, ibi tí kò rí jẹ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Mo pa òwe, mo dápàárá, àkókò lọ. Ó wá ku ìlà kan. Dókítà kọ ọ́ pé bí ẹnu èèyàn bá ṣàdédé wọ́, tàbí tí ọwọ́ rẹ̀ kú, kódà kó padà bọ̀ sípò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kó lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, nítorí ìkìlọ̀ ni.

Ìlà náà gùn. Mo fò ó. Mo fi tèmi parí rẹ̀: "Bí ẹnu bá wọ́ tàbí tí ọwọ́ kú, bó bá sì lọ, ẹ dúpẹ́, ẹ sinmi." Ó dùn létí. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé ẹyin lohùn.

Bàbá Bósẹ̀ ní Ìlogbò, tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, gbọ́ mi. Lóko, àdá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì wọ́. Kó tó rìn dé abà, gbogbo rẹ̀ ti lọ, ẹnu rẹ̀ ti bọ̀ sípò. Ìyàwó rẹ̀ ní kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn. Ọkọ ní tíṣà ti sọ ohun tí àwọn máa ṣe.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì pè mí. Bàbá Bósẹ̀ jẹ́rìí, ó dárúkọ mi, ìjọ pàtẹ́wọ́. Ìwé dókítà wà nínú báàgì mi. Mo mọ̀, ẹ gbọ́ o, níbẹ̀ gan-an ni mo ti mọ̀. Mo ní bí a bá jáde, màá fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ẹran sí abọ́ mi. Ojú tì mí. Mo ní ó di ọjọ́ kejì, n kò sì lọ lọ́jọ́ kejì.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ṣubú.

Apá ọ̀tún rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, kò sì lè sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo lọ kí i kẹ́yìn, ìyàwó rẹ̀ dì mí lọ́wọ́ mú.

"Tíṣà, ẹ kú àdúrótì. Mo ní ká lọ s'ulé ìwòsàn, mi ò kàn rọ̀ ọ́ tó ni. Ẹ̀bi mi ni."

Mo ní kó má dá ara rẹ̀ lẹ́bi, pé Olúwa ló mọ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wò mí láti orí ibùsùn. Mo jáde.

Ìlà tí mo fò rèé o: bó bá ṣe yín, tó sì lọ, ẹ má jókòó sílé máa dúpẹ́. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ọjọ́rú mìíràn ń bọ̀. Obìnrin náà yóò gbé rédíò sún mọ́ etí ọkọ rẹ̀, torí ó ní ọkọ òun fẹ́ràn ohùn mi. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kà fún wọn?