Fóònù Kan Ṣoṣo Ló Dún

Nínú ọkọ̀ tó ń ti Ìṣẹ́yìn bọ̀ ní Ṣakí, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ọmọbìnrin kan gbé kọ̀ǹpútà lé itan lẹ́yìn mi, ó ń bá bàbá tó jókòó tì í sọ̀rọ̀.

"Bàbá, mo ti dáràn. Èmi ni mo máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn àgbẹ̀ bí àwọn ọdẹ bá fẹ́ dáná sungbó."

"Ó máa ń dé sórí fóònù tèmi náà."

"Inú fáìlì kan lọ́tọ̀ ni nọ́ńbà gbogbo yín wà. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka fáìlì yẹn kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Iná lọ lánàá, ó kú. Nígbà tí mo tún un tàn, mo gbàgbé láti ní kó kà á."

"Kò wá ṣiṣẹ́ nìyẹn?"

"Ì bá sàn kó má ṣiṣẹ́! Nọ́ńbà tèmi tí mo fi ń dán an wò ló lò. Ó ní àtẹ̀jíṣẹ́ ti dé, èmi náà sọ fún àwọn ọdẹ pé ó ti dé. Ìsinsìnyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Fóònù tèmi nìkan ló dún, bàbá. Mo sì ń pe olórí ọdẹ, kò wọlé."

"Ọjọ́ wo ni wọ́n fẹ́ sungbó ọ̀hún?"

"Òní ni."

Bàbá náà ò bá a wí. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó ń wá àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò sí níbẹ̀.

"Ìyá àwọn ọmọ mi ti wà lóko láti ìdájí," ló sọ.

Èmi ni mo kọ́kọ́ rí èéfín.