Iṣu Ìdáná Tí Mo Sọ Di Ìṣákọ́lẹ̀

Ẹ má tíì mu omi tí ìyàwó mi gbé síwájú yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo torí ẹ̀ pè yín ná, torí bí mo bá sọ ọ́ tán, omi ilé mi lè má wọ ọ̀nà ọ̀fun yín mọ́. Ẹ̀yin ọmọ Ògúnníyì, mo rí yín. Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀ṣunníyì, ẹ̀yin tèmi, mo rí yín náà. Toheebat tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi yìí, ọ́fíìsì tí mo ti fẹ̀yìn tì ló ti wá láti Abẹ́òkúta. Fóònù rẹ̀ tó wà lórí tábìlì ń gba ohùn mi sílẹ̀, èmi ni mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Dókítà ní ọkàn mi ti rẹ̀, ó rò pé ọjọ́ orí ló fà á. Lóòótọ́ mo ti di ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, ṣùgbọ́n èmi Olúgbénga mọ ẹrù tí mo gbé lé ọkàn náà láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Òní ni mo fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé èmi ni mo ń tọ́jú fọ́tò ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba. Fọ́tò àtijọ́ ni, wọ́n kó wọn wá láti Ìbàdàn nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀: àwọn tó ń sá kòkó, àwọn obìnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́, àwọn tó ń kọ ebè. Bàrúwà, tó ń ya fọ́tò fún ìjọba nígbà náà, ló ya èyí tó pọ̀ jù nínú ti agbègbè wa. Ìwà rẹ̀ ni pé kò ní ya fọ́tò kó má fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀: ta nìyí, níbo ni, kí ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ rí bí bàbá rẹ̀ ṣe rí nígbà tó ṣì lè gun ọ̀pẹ, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀. Wọ́n fọkàn tán mi, ẹ sì rí ohun tí mo fi san án.

Fọ́tò kan wà nínú wọn. Ọdún 1957 ni Bàrúwà yà á ní abà wa ní Ìdí-Ìyeyè, lẹ́yìn Ọjà-Ọ̀dàn. Iṣu ló wá yà, torí iṣu ta dáadáa lọ́dún náà, ó wá ṣe kòńgẹ́ ìdáná. Ọ̀ṣunníyì, bàbá tó bí bàbá mi, jókòó sórí àga. Iṣu méjìlélógójì wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ògúnníyì, tí í ṣe ọ̀dọ́kùnrin nígbà náà, dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n ti ṣí fìlà. Lẹ́yìn àga, ní etí ọ̀tún fọ́tò náà gan-an, ọmọbìnrin kan fi aṣọ bo orí, ṣùgbọ́n ó ti ká aṣọ náà sókè díẹ̀ kó lè yọjú wo ọkọ rẹ̀. Lábísí nìyẹn, àbúrò bàbá mi, ìyá Ìbídàpọ̀ tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà yẹn. Bàrúwà kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé: “Iṣu ìdáná. Ògúnníyì, ọmọ onílẹ̀, ń kí àna rẹ̀, Ọ̀ṣunníyì.” Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí lọ́jọ́ náà. Mo jẹ nínú iṣu yẹn, Lábísí fúnra rẹ̀ ló ta epo sí i fún mi.

Ẹ̀yin ọmọdé inú ilé yìí, ẹ gbọ́ bí ilẹ̀ náà ṣe jẹ́. Bàbá tó bí Ògúnníyì ló nilẹ̀. Ńṣe ni Ọ̀ṣunníyì, bàbá wa, sá wá láti ìhà Kétu nígbà tí àwọn Faransé ń fi tipátipá kó ọkùnrin lọ ṣiṣẹ́ ojú ọ̀nà. Wọ́n fún un ní ibi tí yóò máa dáko sí, ó sì ń gbé iṣu ìṣákọ́lẹ̀ lọ fún onílẹ̀ lọ́dọọdún. Ọdún tí Ògúnníyì fẹ́ Lábísí ni bàbá rẹ̀ sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, pé òun ò ní máa gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àna òun. Láti ọjọ́ náà a ò gbé iṣu kankan lọ mọ́. Oore ni wọ́n ṣe wá.

Ṣùgbọ́n nílé ìwé l'Ọ́jà-Ọ̀dàn, ọmọ àtọ̀húnrìnwá ni wọ́n ń pè mí. Tí a bá ń jà lórí bọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n máa fi pa mí lẹ́nu mọ́. Mo di òṣìṣẹ́ ìjọba, mo kọ́lé s'Ílaròó, ọ̀rọ̀ náà ò kúrò létí mi. Nígbà tí Ògúnníyì kú, tí Ọmọ́délé, àbúrò bàbá mi, dìde pé àwa la nilẹ̀, ara mi yá gágá. Ẹjọ́ dé kọ́ọ̀tù. Àwọn àgbà ìhín wí tiwọn, àwọn àgbà ọ̀hún wí tiwọn, adájọ́ wá bèèrè bóyá àkọsílẹ̀ ìjọba kankan wà lórí oko náà. Ọmọ́délé fúnra rẹ̀ wá bá mi nínú pálọ̀ yìí. Ó ní, “Gbénga, fọ́tò ìdáná Lábísí ṣì wà lọ́dọ̀ yín?” Mo ní, “Ó wà, Bàbá.” Ó ní, “Ẹni tí ò mọ̀dí ẹ̀, tó rí ẹni tó gbé iṣu síwájú ẹlòmíì, tó tún dọ̀bálẹ̀, kí ló máa rò?” Mo ní á rò pé ìṣákọ́lẹ̀ ni. Ó ní, “Ẹnu ẹ lo fi sọ ọ́ o. Èmi ò rán ẹ níṣẹ́.” Ó mu omi rẹ̀ tán, ó lọ.

Ọ̀sán gangan ni mo ṣe é, lórí tábìlì ìjọba. Mo fi abẹ ha ọ̀rọ̀ Bàrúwà kúrò díẹ̀díẹ̀, mo fi pẹ́ńsùlù kọ òmíràn ní irú ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀: “Ìṣákọ́lẹ̀. Ògúnníyì gbé iṣu ọdún wá fún onílẹ̀ rẹ̀, Ọ̀ṣunníyì.” Mo yí i padà, mo wò ó, ó kù síbì kan. Ìyàwó ṣì wà níbẹ̀ tó bo orí. Kò sí Yorùbá tó máa rí ọmọbìnrin tó bo orí, tó rí iṣu, tí kò ní mọ̀ pé ìdáná ni. Mo wá mú àlùmọ́gàjí, mo gé etí ọ̀tún fọ́tò náà. Ìwọ̀n ìka méjì péré ni. Àbúrò bàbá mi já bọ́ sórí tábìlì. Fíìmù rẹ̀ ti bàjẹ́ láti ìgbà tí òrùlé ọ́fíìsì wa ti jò, kò sì sí ẹ̀dà mìíràn. N ò lè ju ègé tó já bọ́ náà nù. Inú Ìwé Orin mi ni mo fi í sí.

Bó bá parí síbẹ̀ ni, ǹ bá máa fi orúkọ tí wọ́n ń pè mí nílé ìwé ṣàwáwí. Àmọ́ mo lọ sí kọ́ọ̀tù. Mo gbé Bíbélì sókè, mo ní bí wọ́n ṣe fi fọ́tò náà lé mi lọ́wọ́ nìyí. Wọ́n pe Lábísí. Ó ní, “Iṣu ìdáná mi ni. Mo wà níbẹ̀, ẹ̀yìn àga bàbá mi ni mo dúró sí, mo rí ọ̀gbẹ́ni tó gbé ẹ̀rọ fọ́tò.” Adájọ́ ní kí wọ́n gbé fọ́tò náà fún un. Ó ní, “Màmá, ẹ fi ara yín hàn wá.” Ó fi ìka rẹ̀ wá ara rẹ̀. Ó wá a lẹ́yìn àga, ó wá a láàárín àwọn tó dọ̀bálẹ̀, ó tún padà sẹ́yìn àga. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó gbójú sókè wò mí, kò bínú, ńṣe ló dà bí ẹni tó fẹ́ kí n bá òun wá a. Báàgì mi wà lórí itan mi, Ìwé Orin wà nínú rẹ̀. Mo wolẹ̀. Ó wá rọra sọ pé, “Bóyá ojú mi ni ò ríran dáadáa mọ́.” Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń gbọ́ títí di òní.

A borí. Adájọ́ ní fọ́tò ti sọ̀rọ̀, àti pé fún ọdún mọ́kàndínlógójì, kò sẹ́ni tó rí i kí àwa gbé ìṣákọ́lẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Oore tí wọ́n ṣe wá ni wọ́n fi dá wọn lẹ́bi. Wọ́n lé Ìbídàpọ̀ kúrò nínú oko tí bàbá rẹ̀ bí i sí, ọ̀kadà ló ń gùn l'Ọ́jà-Ọ̀dàn títí tí irun rẹ̀ fi funfun. Èmi gbin igi tíìkì sí apá tó kàn mí. Àwọn aláhọ́n gígùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé wọn ò ṣe ìdáná kankan lórí Lábísí. Ọjọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ni Lábísí pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, “Gbénga, bó bá jẹ́ ìṣákọ́lẹ̀ ni iṣu yẹn, kí ni wọ́n wá fi fẹ́ mi? Ṣé ọ̀fẹ́ ni mo bá ọkọ lọ ni?” Mo ní wọ́n ń pè mí nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ọdún 2003 ló kú. Èmi ni mo ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ níbi ìsìnkú, ojú ò tì mí. Ojútì tí n ò ní lọ́jọ́ náà ló wá ń pa mí báyìí.

Toheebat wá síbí lóṣù tó kọjá. Wọ́n fẹ́ gbé gbogbo fọ́tò náà sórí ẹ̀rọ ayélujára, ó ní kí n bá òun yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn wọn wò kó tó di pé gbogbo ayé máa kà á. Nígbà tó kan èyí, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí èyí fi tẹ́ẹ́rẹ́ ju àwọn yòókù lọ?” Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, adájọ́ ò bi mí, lọ́yà ò bi mí. Mo ní kó padà wá lónìí.

Ìbídàpọ̀, àbúrò mi, dìde wá. Gbà. Ìyá rẹ nìyí, ọmọ ogún ọdún, ó ń yọjú wo bàbá rẹ. Mo mọ̀ pé o ò ní fọ́tò rẹ̀ kankan nígbà tó wà léwe. Mo ti fọwọ́ sí ìwé tí mo fi dá apá ilẹ̀ tèmi padà fún ọ, tòun ti igi tíìkì orí rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Ọmọ́délé, ẹ lejú mọ́ mi bó ṣe wù yín. Bí wọ́n bá gbé ẹjọ́ yìí padà, èmi ni n óò kọ́kọ́ jẹ́rìí, bí ẹ̀wọ̀n bá sì wà níbẹ̀, kí wọ́n mú mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ya fọ́tò gbogbo nǹkan, ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ ń kọ sí i. Òkú ò lè jáde wá sọ pé irọ́ ni.

Toheebat, kọ ọ́ báyìí: “Iṣu ìdáná, Ìdí-Ìyeyè, 1957. Ògúnníyì ọmọ onílẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀, Ọ̀ṣunníyì. Ọmọbìnrin tó wà lọ́tùn-ún ni Lábísí, ìyàwó. Olúgbénga, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló gé e kúrò.” Má yọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn.

Mo bẹ̀ yín, ẹ foríjì mí, bí ẹ bá rí i ṣe. Omi ṣì wà níwájú yín. Ẹni tó bá lè mu ú, kó mu ú. Ìbídàpọ̀, n ò sọ pé ìwọ.