Iná Lo Gbé Lọ Bá Omi

Nínú mọ́tò tó ń ti Òrù lọ sí Àgọ́-Ìwòyè, ọ̀dọ́kùnrin kan àti àbúrò rẹ̀ obìnrin wà lẹ́yìn mi, wọ́n ń fi fóònù ta géèmù tí wọ́n ti ń kó ẹranko jọ láti bá àwọn ọ̀gá jà.

"Bọ̀dá mi, ẹranko omi ni ọ̀gá yìí ní. Ẹ tún gbé ẹranko oníná yín sí i! Ẹranko eléwé ló ń ṣẹ́gun ti omi."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, ó sì ti ń nà yín láti àárọ̀?"

"Oníná yìí ni mo kọ́kọ́ ní. Òun nìkan ni mo tọ́ dàgbà. Eléwé yẹn ò tíì jà rí. Tí wọ́n bá lù ú lẹ́ẹ̀kan, ó parí."

"Tó bá tún nà yín, fóònù di tèmi títí a ó fi délé o."

Bọ̀dá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó gbé fóònù fún un.

"Gbà á. Wàláhì, ọ̀gá yẹn ò le tó bẹ́ẹ̀. Èmi ni mò ń bá a na ẹranko mi."