Ìlà Kan Tó Gùn Jù

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọdún tó kọjá. Mo fẹ́ sọ ọ́ báyìí nítorí pé lọ́jọ́ Ajé ni Àǹtí Rìsíkátù sọ fún wa pé àwọn máa fi iṣẹ́ sílẹ̀ lópin oṣù.

Iṣẹ́ kóòdù la ń ṣe, nínú yàrá òkè kan ní Bẹẹrẹ. À ń kọ ètò tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Àǹtí ló kọ́ mi níṣẹ́, wọ́n sì máa ń yẹ iṣẹ́ gbogbo wa wò kó tó jáde. Ojú wọn kò ríran tó, torí náà lẹ́tà ńláńlá ni wọ́n fi ń kàwé lórí kọ̀ǹpútà wọn. Ọgọ́rin lẹ́tà péré ni ojú kọ̀ǹpútà náà ń gbà lórí ìlà kan. Òfin ọ́fíìsì wa nìyẹn. A ti kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà, kì í gba ìlà tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n yìn wọ́n díẹ̀. Kóòdù wọn dùn-ún kà. Wọ́n máa ń kà á sókè, ìlà kan fún èémí kan, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn ní ilé kéú l'Ọ̀rányàn. Èmi á máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, "Já a sí ìlà ìsàlẹ̀ jàre, kí ẹni tó ń kà á lè mí." Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lánàá pàápàá á ka iṣẹ́ wọn, á sì yé e.

Lọ́jọ́ kan, mò ń kánjú. Mo yọ òfin náà kúrò, mo kọ ìlà kan tó tó igba lẹ́tà. Àṣìṣe mi wà níparí rẹ̀, níbi tí ojú kọ̀ǹpútà Àǹtí kò dé. Wọ́n rò pé òfin ṣì wà níbẹ̀, wọn ò wá ìyókù. Wọ́n fọwọ́ sí i.

Ètò tó ń rán àwọn ìyá ọlọ́mọ létí ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni, ó sì fi ọjọ́ tí kì í ṣe òótọ́ ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n pọn ọmọ wá sí ilé ìwòsàn nínú oòrùn, wọ́n sì pọ̀n wọ́n padà sílé. Kí ọ̀gá wa tó dé, mo ti gé ìlà náà sí mẹ́rin, mo ti dá òfin padà. Ẹnikẹ́ni ò wádìí. Àǹtí dìde, wọ́n ní, "Ojú mi ni, ọ̀gá. Ẹ má bínú." Mo wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ni mò ń wò.

Láti ìgbà náà ni Àǹtí ò ti yẹ iṣẹ́ ẹnikẹ́ni wò mọ́. Ojú ń tì mí gan-an.

Lọ́jọ́ Ajé yẹn, wọ́n ní èmi ni kí n máa yẹ iṣẹ́ wò dípò àwọn, torí pé ojú tèmi mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n lọ kúnlẹ̀ fún wọn nílé ni, àbí kí n sọ ọ́ níwájú gbogbo ọ́fíìsì, níbi tí wọ́n ti gba ẹ̀bi mi sọ́rùn?