Ọ̀rẹ́ Mi Láníyọnu àti Ọdún Tí A Jà Lé Lórí

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Bàbá Títí tó máa ń tún ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìjọ wa ṣe. N kì í ṣe aríran. Láti ìgbà tí mo ti ń jọ́sìn níbí, ẹ kò gbọ́ kí n dìde rí, kí n ní Ọlọ́run bá mi sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lọ́jọ́rùú tó kọjá, bí mo bá pa á mọ́ra, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn lè wà lọ́rùn mi.

Ẹ rántí pé a wà nínú ààwẹ̀. Ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, mo ka sáàmù, mo kúnlẹ̀ gbàdúrà títí orúnkún fi ń ro mí, mo wá gbé orí lé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ṣì ń gbọ́ bí ìyàwó mi ṣe ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé. Lẹ́yìn náà, n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ọkùnrin kan dúró tì mí. Aṣọ rẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ni n kò lè gbàgbé, ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán. Ó ní, "Káyọ̀dé, dìde." Mo dìde. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, mo rí ara mi níbi tí mo kúnlẹ̀ sí, bí aṣọ tí èèyàn bọ́ sílẹ̀.

A sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì kan tí ooru rẹ̀ ń jóni lójú bí ẹnu ààrò. Àwọn òpùrọ́ ni mo kọ́kọ́ rí. Ahọ́n wọn gùn débi pé ó ń wọ́ lórí ilẹ̀ gbígbóná, àwọn fúnra wọn ló sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo rí àwọn alágbèrè tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n fi sílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò dá wọn lóhùn. Mo rí àwọn aninilára, ẹrù tí wọ́n dì lé orí ọmọnìkejì ló wà lórí tiwọn, ọrùn wọn ti wọnú èjìká, wọ́n ń pariwo "Ẹ sọ̀ mí! Ẹ sọ̀ mí!" n kò sì rí ẹni tí yóò sọ̀ wọ́n, mo fẹ́ sá, mo di aṣọ ẹni tó mú mi lọ mú, mo ń ké pe Jésù, mo ń ké pe Jésù.

Ó ní, "Kì í ṣe ibí ni mo mú ọ wá wò."

A dé pápá gbígbẹ kan. Iná kò sí níbẹ̀, ó sì bà mí lẹ́rù ju ti ìṣáájú lọ. Àwọn èèyàn jókòó lórí àga, ẹnì kọ̀ọ̀kan kọjú sí àga mìíràn tí kò sẹ́ni lórí rẹ̀. Wọ́n ń jiyàn. Wọ́n ń na ìka, iṣan ọrùn wọn le, wọ́n ń bá àga òfìfo sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ń sọ ti ààlà ilẹ̀ tí kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Obìnrin kan ń sọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ kí ẹnìkejì.

Mo ní, "Olúwa mi, àwọn wo nìyí?"

Ó ní, "Àwọn tó borí nínú iyàn tí wọ́n sì pàdánù èèyàn."

Mo wá rí àga méjì tó kọjú síra, tí ẹnikẹ́ni kò tíì jókòó lé. Mo bi í pé ta ló ni wọ́n. Ó kàn ń wò mí.

Ẹ̀yin ará, mo ní ọ̀rẹ́ kan nígbà ọ̀dọ́ mi, Láníyọnu lorúkọ rẹ̀. Yàrá kan náà la jọ ń gbé n'Ìbàdàn, lágbègbè Òkè-Àdó. Òun ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀, èmi ń kọ́ àtúnṣe rédíò. Orin rọ́ọ̀kì ló so wá pọ̀, orin gìtá oníná tí àwọn ọ̀dọ́ ayé ìgbà náà ń gbọ́, ti òyìnbó àti ti àwọn ọmọ tiwa náà. Iyàn kan ṣoṣo la máa ń jà: ọdún wo ni àwo rọ́ọ̀kì tó dára jù jáde? Láníyọnu ní ọdún tí ogun abẹ́lé parí ni. Èmi ní ọdún tí wọ́n yí ọkọ̀ wíwà láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún ni.

Òun a ní, "Káyọ̀dé, lọ́dún tìrẹ yẹn, ọwọ́ àwọn onígìtá ti yá jù. Lọ́dún tèmi, o máa gbọ́ ẹni tó ń sunkún nínú gìtá."

A ó rẹ́rìn-ín, a ó yí àwo sí ojú kejì. Ó dùn nígbà náà.

Nígbà tí a ti láya, tí a ti bímọ, àwọn ẹlẹgbẹ́ wa pé sílé mi lọ́jọ́ Sátidé kan. Iyàn náà tún bẹ́ sílẹ̀. Àwo kan wà tí àwa méjèèjì fẹ́ràn ju gbogbo àwo lọ. Láníyọnu ní ọdún tòun ló jáde. Mo ní irọ́ ni. Ó ní, "Gbé páálí rẹ̀ wá, wọ́n kọ ọdún sẹ́yìn rẹ̀." Mo wọ yàrá lọ, mo jáde, mo ní n kò rí i. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo wá fi kún un pé, "Télọ̀ tí kò kàwé kọjá pírámárì, kí ló mọ̀ nínú orin tí kò gbọ́ èdè rẹ̀?"

Ilé hó fún ẹ̀rín. Láníyọnu wò mí. Ó ní, "Ó dáa, Káyọ̀dé." Ó mú fìlà rẹ̀, ó lọ.

Ó lé lógún ọdún tí a kò fi sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ sí mi pé ara òun kò yá, kí n wá. Mo sọ fún ìránṣẹ́ náà pé, "Ẹ bi í bóyá ó ti gbà pé ọdún tèmi ló dára jù." Mo pè é ní àwàdà. Mo ní n ó lọ tó bá di ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n sin ín.

Nínú pápá yẹn, ẹni tó mú mi lọ béèrè pé, "Páálí àwo yẹn ńkọ́?"

Mo ní, "Olúwa mi, mo rí i. Mo kà á. Ọdún tirẹ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan ìyàwó mi.

Mo ní, "Ṣé nítorí orin ayé ni mo fi ní àga níbí?"

Ó ní, "Kì í ṣe orin. O ta ọ̀rẹ́ rẹ nítorí ẹ̀rín àwọn èèyàn."

Ó mú mi gun òkè kan. Afẹ́fẹ́ tutù níbẹ̀, ewéko tutù, mo sì ń gbọ́ omi. Àwọn ìyá tó ti ṣiṣẹ́ títí ẹ̀yìn wọn fi tẹ̀ na ẹsẹ̀ sórí koríko, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Láníyọnu jókòó sábẹ́ igi kan, ó di ojú rẹ̀, ó ń fetí sí orin kan tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ara rẹ̀ dá. Mo pè é. Mo pè é títí ohùn mi fi ha. Kò yíjú.

Ẹni tó mú mi lọ ní, "Kò lè gbọ́ ọ."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí n ṣáà ní 'má bínú.' Ọ̀rọ̀ kan péré."

Ó ní, "Ìgbà tí a fún ọ láti sọ ọ́ ti kọjá. Kò bínú. Ó ti dárí jì ọ́ kó tó dé ibí. Bí ẹnìkan bá wọlé síbí láti Ìbàdàn, ó máa ń béèrè àlàáfíà rẹ."

Mo wó lulẹ̀. Ká ní ó ń bínú ni, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn.

Ó fà mí dìde, ó ní, "Padà. Kò tíì sẹ́ni lórí àga yẹn."

Ìyàwó mi ló ń gbọ̀n mí. "Bàbá Títí! Kí ló ṣe yín? Ẹkún yín ni mo gbọ́ láti ẹ̀yìnkùlé!"

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sọ́dọ̀ opó Láníyọnu ní Mọ́níyà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Bùrọ̀dá, ní gbogbo ọjọ́ tó fi wà lórí àìsàn, kò jẹ́ ká ti ilẹ̀kùn iwájú. Ó ní Káyọ̀dé ń bọ̀."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Ó ní, "Èmi dárí jì yín ní tèmi. Tirẹ̀, n kò lè bá yín gbà á. Ẹ dìde nílẹ̀." Ó pe àwọn ọmọ rẹ̀, mo sì sọ lójú wọn pé bàbá wọn kò purọ́, èmi ni mo purọ́. Àgbà nínú wọn fi ojú pamọ́ sínú ọwọ́ rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ìyẹn tó. N kò rò pé ó tó.

Ẹ̀yin ará mi, bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, orúkọ ẹnìkan ti wá sí yín lọ́kàn. Bó bá ṣì ń mí, ẹ má dúró de oore-ọ̀fẹ́ tí a fi ń parí ìsìn. Ẹ dìde báyìí, kí ẹ máa lọ bá a.